Ṣé Ìpìlẹ̀ Búńgálò Lè Gbé Òkè? Àgbéyẹ̀wò Láti Adó-Èkìtì

Ìpìlẹ̀ ni apá ilé tó ń gba ẹrù òrùlé, ògiri, dẹ́kìn, ohun èlò inú yàrá àti àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, tó sì ń tẹ́ ẹ fún ilẹ̀ kí ilẹ̀ lè gbé e láì rì. Bí onílé bá fẹ́ kọ́ òkè lé búńgálò tó ti ń gbé, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ ni bóyá ìpìlẹ̀ náà, àti ilẹ̀ tó jókòó lé, lè gba ẹrù tuntun tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Adó-Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 tí ìlú náà ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì, òṣìṣẹ́ ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò ń wá ibi tí wọn yóò gbé, ilé sì ti kún àwọn àdúgbò àárín ìlú bíi Fájuyì, Òkèṣà, Ìjìgbò àti Òkèyínmi. Ẹni tí kò bá rí ilẹ̀ mìíràn rà nítòsí a máa gbójú sókè.

Ìdáhùn tó sábà máa ń jáde lẹ́nu onílé àti bíríkìlà ni pé ilé náà ti dúró fún ogún ọdún láì sán, nítorí náà ó lágbára. Ìdáhùn yìí kò tó. Ogún ọdún tí ilé fi dúró jẹ́rìí pé ìpìlẹ̀ lè gbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀ báyìí. Kò jẹ́rìí kankan sí ẹrù tí kò gbé rí. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu ọ̀rọ̀ náà: bí ìpìlẹ̀ ṣe fẹ̀, tó jìn, tó sì nípọn tó, irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti ìwọ̀n ẹrù tí òkè yóò mú wá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a lè wọ̀n. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mí ìdílé rẹ̀ wewu nítorí ìméfò.

Irú ìpìlẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọn ilé

Irú ilé mẹ́ta ló yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ilé alámọ̀ tó ṣì wà ní àwọn agboolé àtijọ́, tí wọ́n fi síméńtì rẹ́ lára, tí wọ́n kùn lọ́dà, tí wọ́n sì fi páánù bò, débi pé àlejò lè rò pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í jìn. Nígbà mìíràn ògiri amọ̀ náà ló kàn wọlẹ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n to òkúta sábẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ láyé àtijọ́. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ òkè rẹ̀, ẹrù rẹ̀ sì fúyẹ́ púpọ̀ ju ti dẹ́kìn kọnkéré lọ. Amọ̀ tí omi bá dé ìdí rẹ̀ a máa rọ̀, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé dẹ́kìn kọnkéré lé ògiri amọ̀.

Irú kejì, tó wọ́pọ̀ jù, ni búńgálò oníbúlọ́ọ̀kù tí ògiri rẹ̀ ń gbé òrùlé. Bíríkìlà a gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí gbogbo ògiri, a da kọnkéré sí i, a to búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án lé e lórí, a fi ilẹ̀ kún àárín, a sì da kọnkéré ojú ilẹ̀ bò ó. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà mọ̀ fún kọnkéré ìpìlẹ̀ náà ni ínṣì 27 ní fífẹ̀ àti ínṣì 9 ní nínípọn, ìyẹn mílímítà 675 àti 225. Ìwọ̀n yìí nídìí. Ẹrù ògiri a máa tàn kálẹ̀ nínú kọnkéré bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, nítorí náà, bí kò bá sí irin nínú kọnkéré náà, etí rẹ̀ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò gbọdọ̀ ju nínípọn rẹ̀ lọ. Búlọ́ọ̀kù 225 ló wà láàárín, 225 ló yọ lápá ọ̀tún, 225 lápá òsì. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 675. Bí ẹni tó gbẹ́ kòtò bá dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí ínṣì 18 kí iṣẹ́ lè yá, ìdá kan nínú mẹ́ta ojú ilẹ̀ tí ìpìlẹ̀ yẹ kó fi tẹlẹ̀ ti lọ, kò sì sẹ́ni tó lè rí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Irú kẹta ni búńgálò tí onílé ti ní òkè lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé òpó àti bíìmù dìde, wọ́n sì fi orí irin sílẹ̀ lórí òpó fún ọjọ́ iwájú. Irin tó yọ lórí òpó jẹ́rìí sí èrò onílé. Kò sọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Òpó nílò ìpìlẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn kọnkéré onígun mẹ́rin tó fẹ̀, tí wọ́n hun irin sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òpó kan wà tó jẹ́ pé orí kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ ti ògiri ni wọ́n ti gbé wọn dìde. Irin tí òjò ti ń pa fún ọdún mẹ́wàá náà a ti dípẹtà. Ó yẹ kí wọ́n ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì wọn ohun tó ṣẹ́ kù, kí wọ́n tó so irin tuntun mọ́ ọn.

Ilẹ̀ Èkìtì

Àpáta àtayébáyé ló wà lábẹ́ gbogbo Èkìtì: gíránáìtì, náìsì, kuọsáìtì àti èyí tí àwọn onímọ̀ àpáta ń pè ní charnockite. Níbi tí àpáta náà ti yọ síta, bíi Òkè Ọlọ́ṣúnta ní Ìkẹ́rẹ́ àti àwọn òkè tó yí Adó ká, kò sí ẹrù ilé gbígbé tó lè borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tí àpáta yẹn jẹrà dì ni ọ̀pọ̀ ilé jókòó sí. Lórí òkè àti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ pupa tó ní yangí nínú ló wọ́pọ̀, ó sì máa ń le dáadáa. Ní àfonífojì, lẹ́bàá odò bíi Ajílósùn àti Uréje, a lè bá amọ̀ rírọ̀ àti ilẹ̀ àkúrọ̀ pàdé, omi kì í sì í jìn sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀dà ọdún 1986 ti BS 8004, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìpìlẹ̀ tí àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ti lò tipẹ́, ní ìwọ̀n tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Lórí ojú ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró, amọ̀ rírọ̀ kò lè gbé tó tọ́ọ̀nù 7.5. Amọ̀ tó le níwọ̀nba ń gbé láti 7.5 dé 15. Èyí tó le gan-an ń gbé láti 15 dé 30. Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni wọ́n, wọn kò lè rọ́pò àyẹ̀wò ilẹ̀ náà gan-an.

Ohun tó léwu jù ní ilẹ̀ Èkìtì ni kó má dọ́gba lábẹ́ ilé kan ṣoṣo. Àpáta lè wà lábẹ́ pálọ̀, kí amọ̀ jíjìn wà lábẹ́ ilé ìdáná. Òkúta ńlá kan tiẹ̀ lè wà láàárín amọ̀, kí ẹni tó gbẹ́ kòtò rò pé òun ti kan àpáta. Ilé tó rì díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà káàkiri kì í sábà bàjẹ́. Èyí tí apá kan rẹ̀ rì tí apá kejì dúró ni ògiri rẹ̀ ń ya, búńgálò tí kò yà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹrù bá lé e.

Omi tún wà níbẹ̀. Àgbàrá òjò tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè a máa hó ilẹ̀ kúrò ní ìdí ilé, títí kọnkéré ìpìlẹ̀ yóò fi yọ síta. Ìpìlẹ̀ tó wà ní ihòòhò bẹ́ẹ̀ ti pàdánù ilẹ̀ tó yẹ kó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣọ́ọ̀kẹ́wè tàbí kànga tó sún mọ́ ògiri jù a máa mú kí ilẹ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ rọ̀ tàbí kó yẹ̀.

Ẹrù tí òkè ń mú wá

Kọnkéré tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 2,400. Dẹ́kìn tó nípọn ní mílímítà 150, ìyẹn ínṣì 6, yóò wọn 360 lórí mítà kan níbùú-lóòró. Rírẹ́ àti táìlì lè fi 120 kún un, ògiri fẹ́lẹ́ tó pín yàrá, 100. Ìlànà sì máa ń béèrè pé kí a ka 150 fún ènìyàn àti ohun èlò ilé gbígbé. Àpapọ̀ rẹ̀ di 730.

A lè fi ògiri àárín búńgálò kan ṣe àpẹẹrẹ, tí yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn mítà 3.6, wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Lórí mítà kọ̀ọ̀kan ògiri náà, ògiri búlọ́ọ̀kù tó ga ní mítà 3 ń wọn kílógíráàmù 1,050. Búlọ́ọ̀kù abẹ́ ilẹ̀, 450. Kọnkéré ìpìlẹ̀, 360. Ìpín rẹ̀ nínú òrùlé àti sílìn, 540. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,400. Bí ìpìlẹ̀ bá fẹ̀ ní mítà 0.675, ilẹ̀ ń gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3.6 lórí mítà níbùú-lóòró.

Bí òkè bá dé, òrùlé yóò kàn gòkè lọ ni. Ẹrù rẹ̀ kò kúrò. Ìdajì dẹ́kìn yàrá ọ̀tún àti ìdajì ti òsì yóò fi nǹkan bíi kílógíráàmù 2,630 kún mítà kọ̀ọ̀kan ògiri náà, ògiri tuntun yóò sì fi 1,050 kún un. Àpapọ̀ yóò sún mọ́ 6,080, ilẹ̀ yóò sì máa gba tọ́ọ̀nù 9. Ìlọ́po méjì ààbọ̀ ẹrù àtijọ́ nìyẹn. Lórí ilẹ̀ yangí tó lè gbé 15, àyè ṣì kù. Lórí amọ̀ rírọ̀ tí kò lè gbé 7.5, búńgálò náà dúró ṣinṣin lónìí, yóò sì rì bí òkè bá gùn ún. Ilé méjèèjì lè jọra délẹ̀délẹ̀ lójú ẹni tó ń kọjá.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Táǹkì omi lítà 1,000 tí wọ́n gbé sórí dẹ́kìn jẹ́ tọ́ọ̀nù kan kó tó kan ìwọ̀n ike rẹ̀. Ògiri òkè tí kò jókòó sórí ògiri ìsàlẹ̀ a máa da gbogbo ẹrù rẹ̀ lé àárín dẹ́kìn. Òkè tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi ìkẹ́rùsí yóò gba ẹrù tó ju ti ilé gbígbé lọ. Gbogbo èyí ni ẹnjiníà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó ṣírò.

Ohun tí a lè rí lára ilé

Àyẹ̀wò a máa bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé: pílánù tí ìjọba fọwọ́ sí, àwòrán ẹnjiníà bó bá wà, àti ẹ̀rí bíríkìlà tó kọ́ ilé náà bó bá ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn èyí ni wíwo ilé lóde àti nínú. Rírẹ́ tó sán tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ìsán tó gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá, tó dà gẹ̀rẹ́ láti igun fèrèsé lọ sílẹ̀, tàbí tó ń tẹ̀lé ojú ìdè búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, ń sọ pé apá kan ilé ti rì. Bí ó bá fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ òkè títí wọn yóò fi mọ ohun tó fà á. Ilẹ̀kùn tó ń há, ilẹ̀ yàrá tó dà sí apá kan àti ògiri tó yà kúrò lára òpó wà lára àmì bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè pàtàkì ni bóyá ìsán náà ti parí tàbí ó ṣì ń lọ. Wọn a fi pẹ́ńsù ṣe àmì sí orí rẹ̀ méjèèjì, wọn a kọ déètì síbẹ̀, wọn a sì wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò yóò fi gbójú. Èyí tó ń fẹ̀ nígbà kan tó ń pa dé nígbà mìíràn ń tọ́ka sí amọ̀ tó ń wú tó sì ń súnkì. Èyí tó ń fẹ̀ láì padà ń sọ pé ilẹ̀ ṣì ń rì.

Kòtò àyẹ̀wò

Kò sí bí a ṣe lè mọ ìwọ̀n ìpìlẹ̀ tó dájú láì gbẹ́ ẹ wò. Wọn a gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí dé ìsàlẹ̀ kọnkéré ìpìlẹ̀. Kòtò kan kò tó: ó kéré tán, kí wọ́n gbẹ́ ọ̀kan ní igun òkè ilẹ̀ náà, ọ̀kan ní igun ìsàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àárín tó ń gbé ẹrù jù, àti ọ̀kan lẹ́bàá òpó bí òpó bá wà. Kí kòtò má gùn ju mítà kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n má ṣe gbẹ́ méjì tó sún mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì dí i padà, kí wọ́n gún un le, ní kété tí àyẹ̀wò bá parí. Bí òjò bá bá a ní ṣíṣí, àyẹ̀wò náà lè di ohun tó ba ìpìlẹ̀ jẹ́.

Nínú kòtò náà, wọn a wọn jíjìn ìpìlẹ̀, nínípọn kọnkéré àti bí etí rẹ̀ ṣe yọ tó. Wọn a wo bóyá kọnkéré náà dì, tàbí òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ ń yọ jáde. Wọn a wo bóyá orí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tú rí ni ó jókòó lé, tàbí orí ilẹ̀ tí wọ́n dà kún kòtò àtijọ́, ààtàn tàbí ọ̀fìn. Wọn a sì wo omi. Òpin ìgbà òjò, láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, ló dára jù láti mọ ibi tí omi ń dé, nítorí ilẹ̀ tó le koko ní oṣù Kejì lè rọ̀ bí ẹ̀kọ nígbà náà.

Àyẹ̀wò ilẹ̀ àti ti kọnkéré

Lábẹ́ ibi tí kòtò parí sí, irinṣẹ́ ló kù. Èyí tó rọrùn jù ni ọ̀pá irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń fi òòlù gbá wọlẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n gbá a kó tó wọlẹ̀ ní ìwọ̀n kan ń sọ bí ilẹ̀ ṣe le tó. Wọ́n tún lè lu ihò, kí wọ́n sì kó ilẹ̀ inú rẹ̀ lọ sí láàbù láti mọ iye amọ̀ tó wà níbẹ̀, bó ṣe ń fa omi mu, àti bí yóò ṣe súnkì bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tún ń fi iná mànàmáná wá ibi tí àpáta wà: wọn a fi iná ránṣẹ́ sínú ilẹ̀, wọn a sì wo bí ilẹ̀ ṣe dènà rẹ̀. Ọ̀nà yìí wúlò ní Èkìtì nítorí jíjìn àpáta kì í dọ́gba. Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹnjiníà ilé kíkọ́ ní Fẹ́dẹ́rà Pólì Adó-Èkìtì, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti ní Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, nítorí náà ẹni tó nílò onímọ̀ kò ní láti rìn jìnnà.

Kọnkéré àtijọ́ náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Òòlù Schmidt a máa fò padà lára kọnkéré ní ìwọ̀n tó bá líle rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ojú òde nìkan ló ń wọ̀n. Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n gé odindi ọ̀pá kọnkéré jáde, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. Ó yẹ kí wọ́n yẹ búlọ́ọ̀kù ògiri ìsàlẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí ìpìlẹ̀ tó lágbára kò lè gba ilé là bí ògiri tó wà lórí rẹ̀ bá rún.

Òfin àti àjálù tó ti ṣẹlẹ̀

Àṣẹ tí ìjọba fúnni láti kọ́ búńgálò kì í ṣe àṣẹ láti kọ́ òkè. Àfikún náà nílò pílánù tuntun àti àwòrán ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè yìí ti ní Ìlànà Ilé Kíkọ́ láti ọdún 2006. Ní ọdún 2014, SON, àjọ tó ń ṣètò ìwọ̀n àti ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi síméńtì tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 32.5 rẹ́ ilé nìkan, kí wọ́n sì máa lo 42.5, tó lágbára jù ú lọ, fún òpó, bíìmù àti dẹ́kìn. Ilé tó ti wà kí àṣẹ yẹn tó jáde lè ní èyíkéyìí nínú.

Àfikún àjà ti wà nínú ìtàn ilé tó wó rí. Ní Seoul, olú-ìlú Gúúsù Kòríà, ilé ìtajà Sampoong wó ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1995, ó sì pa ènìyàn 502. Àjà mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣètò, wọ́n sì fi ìkarùn-ún kún un. Ní Bangladesh, ilé Rana Plaza wó ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ó sì pa ènìyàn tó ju 1,100 lọ. Wọ́n ti kọ́ àwọn àjà òkè rẹ̀ láì gba àṣẹ. Ní Ìkòtún, nílùú Èkó, ilé àlejò ìjọ Synagogue wó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ẹ̀mí 116 sì lọ. Òṣìṣẹ́ NEMA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní Nàìjíríà, sọ nígbà náà pé wọ́n ń fi àjà kún un, ìwádìí ilé ẹjọ́ lórí ohun tó fa ikú náà, tó parí ní ọdún 2015, sì sọ pé àbùkù wà nínú ìgbékalẹ̀ ilé náà. Ní Sampoong, òpó àti dẹ́kìn ló kọ́kọ́ yẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó yẹ ìpìlẹ̀ wò tí kò tọpa ẹrù láti orí òrùlé wá sílẹ̀ kò tíì parí àyẹ̀wò.

Ìdájọ́ àti ohun tó tẹ̀lé e

Bí ìṣirò bá fi hàn pé ìpìlẹ̀, ilẹ̀, ògiri àti òpó lè gba ẹrù náà pẹ̀lú àyè tó ṣẹ́ kù, iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú. Bí apá kan ìpìlẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó, wọ́n lè fi kún un lábẹ́: wọn a gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ ní ègé tí kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, wọn a da kọnkéré tuntun sí i, wọn a dúró kó le, kí wọ́n tó gbẹ́ ègé tó jìnnà sí i, wọn kì í gbẹ́ ègé méjì tó fara kanra léraléra. Iṣẹ́ yìí léwu, kò sì yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ bíríkìlà láì sí ẹnjiníà lórí rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi búńgálò sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n sì gbé òpó tuntun dìde, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tirẹ̀ tó fẹ̀, láti gbé bíìmù àti dẹ́kìn òkè. Ògiri àtijọ́ kò ní gbé nǹkan kan nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín dẹ́kìn tuntun àti ògiri àtijọ́, nítorí ìpìlẹ̀ tuntun yóò rì díẹ̀ nígbà tí ti àtijọ́ ti rì tán. Ọ̀nà kẹta ni kí òkè fúyẹ́, kí wọ́n fi irin tàbí pákó tẹ́ ẹ dípò kọnkéré, tàbí kó jẹ́ orí apá ilé tó lágbára nìkan ni wọn yóò kọ́ ọ sí. Bí iye owó àtúnṣe bá fẹ́ tó ti ilé tuntun, tàbí tí ilẹ̀ bá jẹ́ àkúrọ̀ tó jìn, ìdáhùn tó tọ́ ni pé kí wọ́n má kọ́ òkè. Onílé tó gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ti jèrè owó àyẹ̀wò rẹ̀.

Àyẹ̀wò kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí òkè. Fún ó kéré tán ìgbà òjò méjì, kí wọ́n máa wo àmì tí wọ́n ti ṣe sára ògiri, kí wọ́n máa gbá gọ́tà mọ́ kí àgbàrá má bàa dé ìdí ilé, kí wọ́n sì ké sí ẹnjiníà bí ìsán tuntun bá yọ. Kí wọ́n kó àbájáde kòtò àyẹ̀wò, èsì láàbù, ìṣirò ẹrù àti pílánù tí ìjọba fọwọ́ sí pọ̀ sínú fáìlì kan, kó lè dé ọwọ́ ẹni tí yóò jogún ilé náà tàbí tí yóò rà á.